Ìwé kánsù ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́: ọ̀nà wo lẹ máa gbà, èwo ló bá ọ̀rọ̀ yín mu?

Kí n tètè sọ ọ́ síta: kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tó dáa jù láti fi gba ìwé lọ́wọ́ kánsù. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ìwé yẹn ṣe ló máa sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ iye tó wọlé fún kánsù lóṣù tó kọjá, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ gbé ìwé lọ kọ́ọ̀tù, ti ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tún yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Ohun tí mò ń rí nílùú wa níbí ni pé ọ̀nà kan náà làwọn èèyàn ń gbà fún gbogbo ẹ̀, wọ́n á wá ẹni tó mọ ẹnì kan ní kánsù, wọ́n á máa lọ wọ́n á máa bọ̀ títí ọ̀rọ̀ náà á fi sú wọn, wọ́n á wá gbà pé ìjọba ò lè fún mẹ̀kúnnù ní ìwé láéláé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Òfin wà, ó sì lágbára ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ, ìyẹn ló ń dùn mí tí mo fi ń kọ gbogbo eléyìí.

Òfin náà ni Freedom of Information Act, FOI làwọn èèyàn ń pè é, Ààrẹ Goodluck Jonathan ló buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011. Abala kìíní ẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ń béèrè ò sì ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà dáadáa, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ní káńtà ni "kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" àti "ta ló rán yín wá?". Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń jiyàn pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn, títí tí Supreme Court fi parí ìjà yẹn ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n ní ó kan ìjọba àpapọ̀, ó kan ìpínlẹ̀, ó kan ìjọba ìbílẹ̀. Tẹ́nì kan bá tún sọ fún yín ní kánsù pé FOI ò dé ọ̀dọ̀ àwọn, ìdájọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fi dá a lóhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ta ni ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀?

Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, kánsù márùn-ún ló wà: Ògbómọ̀ṣọ́ North ní Kinnira, Ògbómọ̀ṣọ́ South ní Arówómọlé, Oríire ní Ìkòyí-Ilé, Sùúrùlérè ní Ìrẹsà-Adú, Ògo-Olúwa ní Ajáàwà. Lápá Ọ̀yọ́, Àtìbà wà ní Ọ̀fà Mẹ́ta, Oyo East ní Kòsóbọ̀, Oyo West ní Òjòǹgbòdú, Afijió sì wà ní Jóbèlè. Àwọn LCDA, ìyẹn àwọn kánsù kéékèèké tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, tún wà lẹ́yìn wọn. Ẹ wá má rò pé torí pé nǹkan kan wà ládùúgbò yín, kánsù ló ni ín. Títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti fi ojú awakọ̀ àti èrò rí màbo láti ìgbà pípẹ́ yẹn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, Federal Ministry of Works ní Abuja lẹ máa kọ̀wé sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí kọ́ńtíráàtì ẹ̀, alága kánsù kankan ò lè fún yín torí kò sí lọ́wọ́ wọn. LAUTECH náà, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín láti ìparí ọdún 2020, yunifásítì náà gan-an lẹ máa kọ̀wé sí, òun náà wà lábẹ́ òfin yìí torí owó ìjọba ló ń ná.

Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ jù. Nígbà tó jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ ló tún un kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìwé iṣẹ́ yẹn, Ìbàdàn ló máa kọ̀wé sí, Secretariat ní Àgódi, kì í ṣe kánsù. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọjà náà wọ̀ ọ́ pẹ̀lú: òfin tó ka owó orí àti owó ìlú tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà, tó ti wà láti 1998, sọ pé kánsù ló ń gba owó ọjà, àyàfi ọjà tí owó ìjọba ìpínlẹ̀ bá wà nínú ẹ̀. Nítorí náà ìyá ọlọ́jà tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún láràárọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó béèrè ni pé ìjọba wo ló ni tíkẹ́ẹ̀tì yìí, bye-law wo, ìyẹn òfin tí kánsù fúnra wọn ṣe, ló gbé e dúró, èló ni bye-law yẹn sì kọ síbẹ̀. Bye-law kì í ṣe àṣírí rárá, ìwé tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń sanwó lè rí ni.

Tẹ́ ẹ bá ṣi ibi tẹ́ ẹ kọ̀wé sí, òfin ò ní kí wọ́n kàn ju lẹ́tà yín sínú àpótí. Ó ní kí ẹni tó gbà á fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn láàárín ọjọ́ 3, kó má kọjá ọjọ́ 7, kí wọ́n sì sọ fún yín pé àwọn ti fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ wádìí ná.

Nǹkan kan tún wà táwọn èèyàn kì í ronú kàn. Ìwé kan náà lè wà níbi méjì. Ìṣirò owó kánsù tí wọ́n ti yẹ̀ wò lọ́dọọdún, ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìnáwó kánsù, ó tún wà lọ́dọ̀ Auditor-General for Local Governments ní Ìbàdàn. Ti kánsù sún mọ́ yín, àmọ́ àwọn tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ wọn gan-an lẹ ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ti Auditor jìnnà, owó mọ́tò wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn yẹn ni láti yẹ ìwé ẹlòmíì wò, ọ̀rọ̀ náà ò ká wọn lára bó ṣe ká kánsù lára. Tó bá jẹ́ èmi, ọ̀dọ̀ Auditor ni mo máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí fún ìṣirò ọdún tó ti kọjá, kí n tó wá kọ sí kánsù fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́.

Èyí tó ti wà níta àti èyí tẹ́ ẹ máa béèrè

Kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ wò ó bóyá ìwé náà ti wà níta tẹ́lẹ̀. Owó tí wọ́n ń pín fún kánsù kọ̀ọ̀kan láti àpò ìjọba àpapọ̀, ìyẹn FAAC, ọ́fíìsì Accountant-General of the Federation máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ kánsù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tó kàn án. Ẹ lè jókòó sílé lórí fóònù kẹ́ ẹ rí iye tí wọ́n kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ South tàbí Àtìbà. Àjọ BudgIT náà máa ń ṣàlàyé bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba lọ́nà tó máa yé èèyàn. Ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa bẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìbéèrè. Àléébù ẹ̀ ni pé iye tó wọlé nìkan lẹ máa rí. Iye tó jáde, ẹni tí wọ́n san án fún, iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe, inú fáìlì kánsù ló wà, nínú payment voucher, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń san owó jáde. Supreme Court ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tààrà, ẹ lè wá rí i pé ìbéèrè nípa bí wọ́n ṣe ná an ti di ọ̀rọ̀ kánsù fúnra wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ràn kí èèyàn kọ́kọ́ wo ti íntánẹ́ẹ̀tì, kó wá fi nọ́ńbà tó bá rí níbẹ̀ kọ lẹ́tà. Lẹ́tà tó sọ pé "ní oṣù báyìí owó tó wọlé jẹ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní ẹ̀dà payment voucher oṣù náà" ṣòro láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju lẹ́tà tó kàn ń béèrè "owó kánsù" lọ.

Ojúlùmọ̀ àbí lẹ́tà

Àríyànjiyàn tó pọ̀ jù láàárín wa nìyí. Ẹnì kan á ní "mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní kánsù, wọ́n máa bá mi mú un", ẹlòmíì á ní lẹ́tà nìkan, òmíràn á ní ká lọ bá kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ká sòótọ́, ojúlùmọ̀ yára. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ ọ́fíìsì tí fáìlì wà, orúkọ tí wọ́n ń pe ìwé náà láàárín ara wọn, iye tí wọ́n ń gbà fún certificate of origin, tàbí ọjọ́ tí ọ̀gá máa wà lórí ìjókòó, ẹ̀gbọ́n yẹn á gbà yín lọ́wọ́ ìrìn lásán. Kánsílọ̀ náà wúlò tó bá jẹ́ ohun tó kan wọ́ọ̀dù yín, torí ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nínú ìpàdé wọn.

Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, kọ́ńtíráàtì, ṣọ́ọ̀bù ọjà tàbí ilẹ̀, ojúlùmọ̀ ò tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní déètì. Kò sẹ́ni tó lè fi hàn pé ọjọ́ báyìí lẹ béèrè, ọjọ́ báyìí ló yẹ kí wọ́n dá yín lóhùn. Wọ́n sì máa ń ṣí òṣìṣẹ́ kánsù kiri, tí wọ́n bá gbé ẹ̀gbọ́n yẹn lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́la, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó tún ń kó ẹ̀gbọ́n náà sí ìnira, torí tí ìwé bá jáde tí ọ̀rọ̀ dàrú, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ẹ má fi iṣẹ́ oúnjẹ oòjọ́ èèyàn yín ṣe ohun tí òfin ti fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́tà ní tiẹ̀ ń mú kí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbà á. Tí ìwé tẹ́ ẹ béèrè bá pọ̀ jù, tàbí tí wọ́n ní láti bá ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè fún yín, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíì kún un, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Tí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sọ ìdí, kí wọ́n tọ́ka sí abala òfin tí wọ́n gbé e lé, kí orúkọ àti ipò ẹni tó kọ̀ ọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù ẹ̀. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe yàtọ̀ sí "ọ̀gá ò sí nílé, ẹ máa bọ̀ lọ́la". Ẹni tó bá sì kọ̀ láìtọ́, tí kọ́ọ̀tù bá dá a lẹ́bi, owó ìtanràn ẹ̀ jẹ́ ₦500,000. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí yí i padà kó tó fún èèyàn, ó kéré tán ẹ̀wọ̀n ọdún 1 ni òfin kọ fún un.

Nípa màmá tàbí bàbá tí ò kàwé, òfin rántí wọn. Ẹlòmíì lè bá wọn kọ ọ́. Tí wọ́n bá sì lọ fi ẹnu béèrè lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, òṣìṣẹ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún wọn ní ẹ̀dà ohun tó kọ. Inú mi dùn sí ibi yìí nínú òfin náà gan-an, torí àwọn ìyá wa tó ń san tíkẹ́ẹ̀tì jù ní Takie àti Sábó, ọ̀pọ̀ wọn ò lè kọ lẹ́tà òyìnbó.

Àtọwọ́ fúnra ẹni àti ìmeèlì ńkọ́? Èmi á yan àtọwọ́. Ìmeèlì dáa láti fi ṣe ẹ̀rí kún un, àmọ́ ẹ ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ń yẹ àpótí ìmeèlì kánsù wò. Ẹ tẹ lẹ́tà yín ní ẹ̀dà méjì, ẹ kọ ọ́ sí alága kánsù, ẹ gbé e lọ sí registry. Wọ́n máa ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ lẹ́tà tó wọlé sí, ẹ dúró kí wọ́n kọ tiyín síbẹ̀. Wọ́n á mú ẹ̀dà kan, ẹ ní kí wọ́n lu sítáńpù sí ìkejì kí wọ́n fún yín padà. Ẹ wo déètì orí sítáńpù yẹn lójú ibẹ̀, torí sítáńpù olóòǹkà tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni, ìgbà míì wọn ò tíì yí i láti àná tàbí ìjẹta, ẹ rọra sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀ kó yí i. Kí ó kọ orúkọ ẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Tó bá ní òun ò lè buwọ́ lu nǹkan kan láìjẹ́ pé ọ̀gá dé, ẹ má bá a jà, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ lọ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ NIPOST tàbí kúríà tí wọ́n máa buwọ́ lu ìwé nígbà tí wọ́n bá gbà á, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì yín.

Béèrè ìwé, má béèrè àlàyé

Ibí yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́tà, kódà èyí tí àwọn tó kàwé dáadáa kọ. Òfin ní kí wọ́n fún yín ní ohun tó wà nínú ìwé, kò ní kí wọ́n wá jókòó dáhùn ẹ̀sùn. Ẹ jẹ́ ká gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ká ní gọ́tà kan wà ní Màsífà tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ tí iṣẹ́ sì dúró. Lẹ́tà kìíní sọ pé: "Kí ló dé tí ẹ ò parí gọ́tà wa, níbo lẹ kó owó náà lọ?" Inú ń bí ẹni tó kọ ọ́, ó sì tọ́ kó bí i, àmọ́ ẹni tó gbà á lè fèsì pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ẹ ṣe sùúrù, ó ti dáhùn nìyẹn. Lẹ́tà kejì sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń béèrè ẹ̀dà ìwé àdéhùn iṣẹ́ gọ́tà tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi báyìí dé ibi báyìí ní Màsífà, ẹ̀dà bill of quantities ẹ̀ (ìwé tó to ohun èlò àti owó iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ), orúkọ agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀dà payment voucher gbogbo owó tí wọ́n ti san fún un láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá ọdún 2024, àti ẹ̀dà ìwé tí ẹ́ńjíníà kánsù fi jẹ́rìí sí ibi tí iṣẹ́ dé." Kò sí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àwọn ìwé yẹn bá jáde, gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń bínú sí ló máa fojú hàn, tí wọn ò bá sì jáde, ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ̀ láti fún yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Kí àkókò wà níbẹ̀, kí ibi tí iṣẹ́ wà hàn, kí orúkọ ìwé hàn. Ẹ má kó ohun ogún pọ̀ sínú lẹ́tà kan. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni, ẹ jẹ́ kó dá dúró. Tó bá jẹ́ ti gọ́tà, kó dá dúró. Lẹ́tà tó bá pọ̀ jù ló ń fún wọn láyè láti fi ọjọ́ mìíì kún un.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n lè kọ̀ lóòótọ́. Fáìlì òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera ẹlòmíì, àṣírí òwò oníṣòwò, ohun tí lọ́yà kánsù bá wọn sọ. Ìyẹn náà ò ní kí wọ́n fi gbogbo ìwé pamọ́. Tí apá kan nínú ìwé bá jẹ́ ohun tí wọ́n lè fi pamọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní apá tó kù. Orúkọ, ipò àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba sì wà lára ohun tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ máa gbé síta kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Fọ́tókọ́pì FOI àbí CTC

Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ mọ̀, tàbí ẹ fẹ́ fi han ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀dà lásán tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ kọ́ọ̀tù, kò tó o. Evidence Act ọdún 2011 sọ pé tí ìwé ìjọba ò bá lè jẹ́ ojúlówó ẹ̀ gan-an lẹ gbé wá, certified true copy nìkan ni kọ́ọ̀tù máa gbà, CTC làwọn lọ́yà ń pè é. Òṣìṣẹ́ tí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀ máa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀dà òótọ́ ni, á kọ déètì, orúkọ àti ipò ẹ̀, á buwọ́ lù ú, á sì tẹ òǹtẹ̀ sí i tó bá ní èyí tó lẹ́tọ̀ọ́ láti lò. Owó wà fún CTC, ẹ rí i dájú pé wọ́n fún yín ní rìsíìtì, torí ìwé tí ò ní ẹ̀rí owó, lọ́yà ẹni tẹ́ ẹ ń bá ṣẹjọ́ máa gbógun tì í.

Ní ti FOI, òfin ò jẹ́ kí wọ́n gba nǹkan kan kọjá owó tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà tàbí kọ ọ́ jáde. Owó fọ́ọ̀mù, owó ọ̀gá, "ẹ wá nǹkan fún àwọn ọmọ", kò sí nínú òfin. Tí wọ́n bá ní ojú ewé 40 ni, iye fọ́tókọ́pì 40 lẹ máa san. Nǹkan tó wù mí jù ni kẹ́ ẹ béèrè méjèèjì pọ̀ nínú lẹ́tà kan ṣoṣo: ẹ kọ ọ́ pé lábẹ́ FOI lẹ ń béèrè ìwé náà, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́rìí sí i gẹ́gẹ́ bí CTC, ẹ̀yin á san owó tó bá òfin mu. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní padà wá béèrè ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì tí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.

Ti ilẹ̀ yàtọ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí. Land Use Act ọdún 1978 ló pín in: gómìnà ló ń fúnni ní statutory right of occupancy, èyí tí C of O (certificate of occupancy, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ gómìnà) wà fún, kánsù lè fúnni ní customary right of occupancy lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìlú ńlá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé tí onílẹ̀ sì ń sọ pé ìwé òun wá láti kánsù, kánsù lẹ máa lọ. Tó bá ní òun ní C of O, search, ìyẹn yíyẹ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ náà wò, ní land registry ní Ìbàdàn lẹ máa ṣe, lẹ́tà FOI ò wúlò fún ìyẹn, torí òfin FOI fúnra ẹ̀ yọ ìwé tí ìjọba ti ń tà fún gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Ẹ sanwó search, ẹ gba rìsíìtì. Survey náà, ọ́fíìsì Surveyor-General ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ lápá Aroje lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ onílẹ̀ nìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan, ẹgbẹ́, àbí lọ́yà?

Ẹnì kan ṣoṣo lè kọ ọ́, òfin ò béèrè ju ìyẹn lọ. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ó yára, kò sí ìpàdé. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí gbogbo wa ti mọ ara wa yìí, ẹni tó dá kọ ọ́ làwọn èèyàn máa tọ́ka sí, wọ́n lè rán àgbà ilé sí i pé kó jáwọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kan àdúgbò, ẹgbẹ́ onílé tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni kó kọ ọ́, pẹ̀lú ìwé tí ẹgbẹ́ fi ń kọ lẹ́tà, kí alága àti akọ̀wé buwọ́ lù ú. Ó ṣòro láti rán èèyàn sí ogójì onílé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, kí ìpàdé tó ṣe, ọjọ́ ti lọ. Ẹ yan ẹnì kan tí á máa ka ọjọ́.

Lọ́yà ò pọn dandan láti kọ lẹ́tà. Mo mọ̀ pé lẹ́tà lọ́yà máa ń já wọn láyà, ó sì lè mú kí wọ́n tètè dáhùn, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ fún lọ́yà tiwọn kí ọ̀rọ̀ sì le sí i. Èmi á fi lọ́yà sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá kọ̀.

Kíkọ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fiyè sí. Tí ọjọ́ 7 bá pé tí wọn ò sọ nǹkan kan, òfin kà á sí pé wọ́n ti kọ̀, dídákẹ́ wọn ti tó. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sí kọ́ọ̀tù. Tí wọ́n bá gba lẹ́tà yín ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ó pé ọjọ́ 7 ní ọjọ́ 10, ọjọ́ 30 á wá gbé yín dé ọjọ́ 9 oṣù kẹrin. Ibí ni "ẹ máa bọ̀ lọ́la" ti ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní jàǹbá, wọ́n á máa fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọ̀gá ti rí i, ó kù kó buwọ́ lù ú, ọjọ́ 30 á sì kọjá. Kọ́ọ̀tù lè fi ọjọ́ kún un fún yín, àmọ́ ẹ ò ní fẹ́ kó di ohun tẹ́ ẹ tún máa bẹ kọ́ọ̀tù fún. Ohun tó dáa ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà ìránnilétí kan ní ọjọ́ 8, kẹ́ ẹ sọ déètì tí wọ́n gba ti àkọ́kọ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ so ẹ̀dà tó ní sítáńpù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ bá lọ́yà tí wọn ò bá dáhùn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọjọ́ ti lọ jù, ẹ kọ lẹ́tà tuntun pátápátá fún ìwé náà, kí wọ́n tún lu sítáńpù sí i, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí kà.

High Court ni ẹjọ́ náà ń lọ, ọ̀kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan wà ní Ọ̀yọ́, ẹ ò ní láti lọ Ìbàdàn. Òfin ní kí kọ́ọ̀tù gbọ́ ọ ní kíákíá. Kánsù ló gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi béèrè. Ohun tẹ́ ẹ máa gbé fún lọ́yà ni ẹ̀dà lẹ́tà tó ní sítáńpù, lẹ́tà ìránnilétí, àti èsì tí wọ́n bá kọ. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló kọ ọ́, ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá ní, torí ó ṣeé ṣe kí lọ́yà kánsù béèrè ẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá ní in, ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi orúkọ ara ẹ̀ kọ lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.